Gìtá Fọlábí Di Yànmùyánmú

Ọ̀sán Sátidé ni. Fọlábí Adélékè, tíṣà tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìgbó-Ọrà, ló ti ara rẹ̀ àti gìtá àti amplifier rẹ̀ mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀wù akọrin sí, tó pe Rosaline Oyinadé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Rosaline, Eruwa ló ti ń tún gìtá àti amplifier ṣe. Oṣù méjì gbáko ni Fọlábí ò fi pè é.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

FỌLÁBÍ: Ẹ káàsán, mà. Màmá Ìyanu, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́? Ìyanuolúwa ńkọ́? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta—

ROSALINE: Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Oṣù méjì. Ta ló kú?

FỌLÁBÍ: Kò sẹ́ni tó kú, mà.

ROSALINE: A dúpẹ́. Kí ló wá bàjẹ́?

FỌLÁBÍ: Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Mo ní kí n kàn kí yín ni. By the way, mà, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kékeré.

ROSALINE: Ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ̀n-ẹ́n.

FỌLÁBÍ: Ó ní gìtá olókùn méje. Ó fẹ́ pààrọ̀ pickup rẹ̀—

ROSALINE: Pickup abẹ́ okùn, tó ń gbé ohùn fún amplifier, àbí pickup tí wọ́n fi ń kó pákí wá láti Igangan?

FỌLÁBÍ: Ti gìtá, mà. Méjì ni. Ọ̀kan lẹ́bàá ọrùn, ọ̀kan lẹ́bàá bíríìjì tí wọ́n so ìdí okùn mọ́. Èwo lèèyàn lè so pọ̀ mọ́ èwo?

ROSALINE: Gìtá olókùn méje mélòó ló wà ní Ìgbó-Ọrà?

[Ariwo lórí ìlà.]

FỌLÁBÍ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ROSALINE: Mo gbọ́ ọ. Mélòó?

FỌLÁBÍ: Ọ̀kan, mà.

ROSALINE: Kí lorúkọ ọ̀rẹ́ rẹ?

FỌLÁBÍ: ...Èmi ni, mà.

ROSALINE: Ó dáa. Sọ fún ọ̀rẹ́ yẹn pé ilé iṣẹ́ kan náà ni kó ti ra méjèèjì. Okùn kì í jó púpọ̀ lẹ́bàá bíríìjì, torí náà kí ti bíríìjì lágbára díẹ̀ ju ti ọrùn lọ. Díẹ̀ ni mo wí o. Okùn keje yẹn nípọn, bí pickup bá lágbára jù, ohùn rẹ̀ á di ẹrẹ̀. Kó tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ gbé gìtá wá kí n—

FỌLÁBÍ: Ó ti rà á, mà.

ROSALINE: Háà.

FỌLÁBÍ: Wọ́n sì ti bá a fi sí i.

ROSALINE: Èwo lo rà sí bíríìjì?

FỌLÁBÍ: Èyí tó lágbára jù tí wọ́n ní. Mo rí àwọn òyìnbó kan tó ń lò ó nínú fídíò, irun wọn gùn dé ìbàdí—

ROSALINE: Orin wo ni wọ́n ń kọ?

FỌLÁBÍ: Wọn ò kọrin, mà. Wọ́n ń ké ni.

ROSALINE: Ṣé wọ́n máa ń ké ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?

FỌLÁBÍ: Tó bá di àsìkò àdúrà—

ROSALINE: Ti ọrùn ńkọ́?

FỌLÁBÍ: Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ìyẹn. Ohùn ẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo rò pé ọ̀kan á máa ké, ìkejì á máa rọra sọ̀rọ̀.

ROSALINE: O fẹ́ onísùúrù, o fẹ́ aláriwo lé e, o wá kó àwọn méjèèjì sí yàrá kan. Ta ló so ìgbéyàwó yìí?

FỌLÁBÍ: Àkànó.

ROSALINE: Àkànó wo?

FỌLÁBÍ: Ti Tápà.

ROSALINE: Àkànó tó ń tún họ́ọ̀nù ọ̀kadà ṣe?

FỌLÁBÍ: Ó ní wáyà ni wáyà ń jẹ́, mà.

ROSALINE: O sì wá gbà á gbọ́! O kàwé o! Kí ló dé tí o ò gbé e wá sí Eruwa?

[Fọlábí ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí fóònù.]

ROSALINE: Fọlábí. Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁBÍ: Network ni, mà, kò—

ROSALINE: Network ò ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kí n bá ọ rántí ẹ̀. Nípàdé ìkórè ní Ìdèrè, ẹnì kan ní kí ẹ gbé gìtá yẹn wá fún mi. O dìde, o fọwọ́ tún kọ́là rẹ ṣe, o ní, "Ọwọ́ tó ń tẹ ẹ̀bà kì í tún gìtá ṣe." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo gbé báàgì iṣẹ́ mi sẹ́bàá ẹsẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?

FỌLÁBÍ: ...Mo mọ̀, mà.

ROSALINE: O ṣeun tí o ò purọ́ lórí ìyẹn.

FỌLÁBÍ: Màmá Ìyanu, Bàbá Fẹ̀hìntọlá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

ROSALINE: Bàbá tó kọ́ wa lórin?

FỌLÁBÍ: Àwọn ni. Ojú wọn ti ń di. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé ipò olórí akọrin sílẹ̀, òní ni wọ́n máa yan ẹni tó máa gbà á, mo sì fẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta gìtá fún wọn tán. Wọ́n ní, "Ta ló mú yànmùyánmú wọlé?"

[Ẹ̀rín Rosaline. Ó pẹ́.]

FỌLÁBÍ: Ẹ má rẹ́rìn-ín, mà. Thirty minutes péré ni wọ́n fún mi láti tún un ṣe. Ó ti ku mẹ́rìndínlógún.

ROSALINE: Gbé fóònù sún mọ́ amplifier. Ta á. Ti ọrùn nìkan.

[Ohùn gìtá. Ó rinlẹ̀, ó tutù.]

ROSALINE: Ti bíríìjì nìkan.

[Ohùn gìtá. Ó ń han gooro.]

ROSALINE: Méjèèjì pọ̀.

[Ohùn tín-ín-rín kan.]

ROSALINE: Yéè. Bàbá ò parọ́ mọ́ ọ.

FỌLÁBÍ: Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá?

ROSALINE: Kò bàjẹ́. Ìjà ni wọ́n ń jà. Bí ọ̀kan ṣe ń tì ni ìkejì ń fà, wọ́n ń pa ohùn ara wọn. Ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe wọ́n, àwọ̀ wáyà wọn ò túmọ̀ sí nǹkan kan náà. Àkànó kàn rí pupa, ó ní pupa ni iná. Soldering iron tí wọ́n fi ń lẹ wáyà wà níbẹ̀?

FỌLÁBÍ: Ó wà, mà. Mo ti fi síná kí n tó pè yín.

ROSALINE: O ti mọ̀ pé màá ṣàánú ẹ. Àwọn akọrin ńkọ́?

FỌLÁBÍ: Wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

ROSALINE: Ṣí i.

FỌLÁBÍ: Mà?

ROSALINE: Gbangba lo ti bú mi, gbangba ni wàá ti kó ọ̀rọ̀ ẹ jẹ.

[Ilẹ̀kùn dún.]

FỌLÁBÍ [wúyẹ́wúyẹ́]: Ohun tí mo sọ ní Ìdèrè—

ROSALINE: Ṣé o gbọ́ mi? Ìlà yìí ò dáa. Gbóhùn sókè.

FỌLÁBÍ [ń pariwo]: Ohun tí mo sọ nípa Màmá Ìyanu, kò rí bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ wọn mọṣẹ́! Ọwọ́ tèmi ni ò mọ nǹkan kan!

[Ẹ̀rín àwọn èèyàn, láti ọ̀ọ́kán.]

ROSALINE: Ó tó. Ó yá. Ti ọrùn nìkan la fẹ́ tún so. Pupa lọ sí switch, àwọ̀ ewé lọ sẹ́yìn kọ́ńtíróòlù ohùn, àbí?

FỌLÁBÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ROSALINE: Yọ wọ́n, kí wọ́n gba àyè ara wọn. Dúdú àti funfun tó wà pọ̀, má fọwọ́ kàn wọ́n. Wáyà tí kò ní rọ́bà lára, má—

[Ìlà ń já, ó ń padà.]

FỌLÁBÍ: Kí n yọ ọ́?

ROSALINE: —yọ ọ́! Má! Má yọ ọ́! Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁBÍ: Mo gbọ́ "yọ ọ́".

ROSALINE: Ibi tó wà ni kó wà! Ibi tó wà!

FỌLÁBÍ: Ó ti yé mi, mà, mi ò tíì— yéè! Yéè!

ROSALINE: Kí ni?

FỌLÁBÍ: Ìka mi jó.

ROSALINE: Ìka á jinná. Wáyà ńkọ́?

FỌLÁBÍ: ...Ó ti mú.

ROSALINE: Síkírúù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pickup bíríìjì. Yí wọn kó lọ sílẹ̀, kó jìnnà sí okùn, kí ariwo ẹ̀ lè dínkù. Ó tó bẹ́ẹ̀. Méjèèjì pọ̀, ta á.

[Ohùn gìtá. Ó kún. Okùn keje hàn lábẹ́ rẹ̀ ketekete.]

ROSALINE: Tún un ta.

[Ohùn gìtá.]

ROSALINE: ...Ó dùn, Fọlábí.

BÀBÁ FẸ̀HÌNTỌLÁ [láti ẹnu ọ̀nà]: Ẹ̀n-ẹ́n! Gìtá nìyẹn. Ta ló tún un ṣe?

FỌLÁBÍ: Èmi ni, sà.

ROSALINE: Fọlábí!

BÀBÁ: Ohùn ta nìyẹn?

FỌLÁBÍ: Rédíò ni, sà.

BÀBÁ: Rédíò tó mọ orúkọ rẹ? Ojú mi ló ń di, etí mi ò di. Mo gbọ́ ariwo tó o pa lẹ́ẹ̀kan. Gbé e wá.

[Fóònù ń yí ọwọ́.]

BÀBÁ: Rosaline.

ROSALINE: Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, sà.

BÀBÁ: Láti Eruwa lo ti gbọ́ ohun tó ń ṣe é?

ROSALINE: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

BÀBÁ: O ò rí i, o ò fọwọ́ kàn án. Àwọn ogún èèyàn tó wà níbí ń wò ó, wọn ò mọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ló yẹ kó máa darí akọrin. Mo ti rí ẹni tí mò ń wá.

ROSALINE: Bàbá, mi ò dúró níwájú akọrin mọ́ látìgbà tí mo ti relé ọkọ.

BÀBÁ: Etí kì í relé ọkọ. Ọ̀la, aago mẹ́jọ.

FỌLÁBÍ: Sà, èmi ńkọ́?

BÀBÁ: Ìwọ, máa ta gìtá rẹ. O mọ̀ ọ́n ta. Ẹnu ni kó o jẹ́ kó sinmi.

ROSALINE: Bàbá, mo ń bọ̀. Ìdájí ni màá gbéra. Ẹ bá mi sọ fún àwọn alto kí wọ́n jókòó sí apá— ṣé ẹ gbọ́ mi? Bàbá? Ṣé ẹ—

[Ìlà já.]