Ohun Tí Ìwé Ayùn Sàlíù Wí Gan-an

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní mo ṣe èèyàn léṣe, gbogbo àdúgbò Sawaba á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Tíṣà tún ti dé!" Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ti òní kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé e sínú. Ohun tí Sàlíù wá bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Káfíńtà ni àwa méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù wa kọjú síra ní Aboabo, nítòsí Sawaba. Kéwú ni Sàlíù kà. Èmi ni mo lọ ilé ìwé òyìnbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Tíṣà. Wàláà tí àwọn ọmọ iléekéwú fi ń kọ́ Kùránì, èmi ni mo ń fi ayùn ọwọ́ gé e fún wọn.

Àfi bí Sàlíù ṣe ra ayùn oníná orí tábìlì, tí abẹ rẹ̀ rí roboto bí àwo. Ó pè mí lójú gbogbo èèyàn: "Tíṣà, ayùn tìẹ ti di ti Ànábì Núhù o! Lọ fi kan ọkọ̀ ojú omi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, n kò lè gba ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Alùfáà iléekéwú gbé iṣẹ́ wàláà fún un.

Ṣùgbọ́n ayùn náà kò gé dáadáa. Ó ń rú èéfín. Etí pákó ń jóná dúdú, ojú ibi tó gé sì rí gbágungbàgun. Sàlíù pààrọ̀ pákó, pàbó. Ó mú ìwé tó bá ayùn náà wá tọ̀ mí wá.

"Tíṣà, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Kí ló wí?"

Ojú ìwé kejì ni mo ti rí i, tàwòrán-tàwòrán: eyín abẹ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni tó ń gé pákó. Sàlíù ti dè é bí ayùn ọwọ́, eyín rẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Kó yí i padà, ó parí.

Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ó ní kí o fi agbára ti pákó sí abẹ. Tì í gan-an."

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Wàláì, mo fẹ́ sọ fún un. Ní ọjọ́ kẹta, pákó yọ̀ níbi tó ti ń tì í, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ bá abẹ. Ìka méjì.

Wọ́n ní orí rẹ̀ kò bá irin mu. Mo wà níbẹ̀, mo mi orí pẹ̀lú wọn. Ó ta ayùn náà. Ẹni tó rà á yí abẹ padà níṣojú mi, ó ń gé pákó bí ẹni gé ọṣẹ. Iṣẹ́ wàláà padà sọ́dọ̀ mi. Sàlíù ń fi ìka mẹ́ta sín tẹ̀sùbáà tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ní Àlàmísì tó kọjá, ó wá sílé mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń rán an lọ sí Mẹ́kà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń lọ a máa tọrọ àforíjì káàkiri. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ ayùn Ànábì Núhù tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Mo ní mo ti dárí jì í. Èmi!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré lọ bá a ní ibùdókọ̀ Kejetia. Ó ti wọ ọkọ̀ Accra. Bó ṣe rí mi, ó na ìka mẹ́ta yẹn jáde lójú fèrèsé, ó ń fi èdè Twi pariwo fún àwọn èrò: "Ọ̀rẹ́ mi nìyí! Òun ló ń ka ìwé fún mi!" Mo la ẹnu. Ọkọ̀ gbéra.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n kọ lẹ́tà sí i. Gbogbo lẹ́tà tó ń dé ọwọ́ Sàlíù, èmi ni mo ń kà á fún un.