Ìpàdé Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Nínú takisí tó ń ti Ṣàgámù lọ sí Òde Rẹ́mọ, ní àkókò tí àwọn olóṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, mo jókòó ti arọ kan tó ń tún bàtà ṣe ní Sábó àti ìyá olóbì kan tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá ní, "Ṣé káńsù ti lé yín kúrò létí títì?"

"Ta ló máa lé wa, Ìyá? Wọ́n pe àwa arọ sí ìpàdé lórí ẹ̀, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì fi sí."

"Ẹ̀yin arọ! Ṣé orí wọn pé?"

"Akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé, ó ní àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn pè wá, a ò wá. Mo ní, 'Ọ̀gá, a ti dé. Ẹ̀yin là ń retí.' Gbogbo wa bá jókòó sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, a dí i pa. Nígbà tó di ọ̀sán, ebi ń pa alága káńsù, kò rọ́nà jáde."

"Kò bẹ́ lójú fèrèsé?"

"Pẹ̀lú agbádá yẹn? Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó ní ká máa sọ ọ́. A ní etí títì yẹn la máa wà, kí wọ́n sì bá wa ta ìbòòji sí i. Orí àpótí bàtà mi ló ti buwọ́ lu ìwé pé òun gbà."

Mo kàwé gan-an ní yunifásítì lórí bí ìjọba ṣe lè sún mọ́ mẹ̀kúnnù. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó mẹ́nu kan ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ìyá sọ̀kalẹ̀ ní Òde, ó gbé agbọ̀n obì rẹ̀ rù, ó ń rẹ́rìn-ín lọ: "Ẹ̀yin là ń retí!"