Omi Kọ́ Ló Ba Káńtà Ìyá Ṣeun Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ǹ bá pa á mọ́ra títí láé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ẹnì kan fẹ́ wá bi mí léèrè ìwà ọmọbìnrin kan. Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa fi fẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe ilé ìdáná fún àwọn èèyàn wa ní Dagenham àti Barking, nílùú òyìnbó níbí. Ẹnu Ìyá Ṣeun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi ti ń wá. Àgbà ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí a jọ ń lọ. Bí wọ́n bá ti sọ pé kí èèyàn pe Káfíńtà, ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ṣeun ní káráfánù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Dagenham East, ìyẹn ilé onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló rà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni káráfánù náà dé etíkun rí. Nígbà tí Dámilọ́lá, ọmọ àbúrò wọn, gba físà wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, inú rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa gbé. Wọ́n wá pè mí pé kí n ṣe káńtà tuntun, ìyẹn pákó pẹrẹsẹ tí síńkì ń jókòó sí, síbi ìdáná rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Òkè káńtà yẹn ń dán bí ike, omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá fi ayùn gé ihò tí síńkì máa jókòó sí, ìhòòhò ni ojú ibi tí a gé wà. A gbọ́dọ̀ fi sílíkóònù, gọ́ọ̀mù tí omi kì í gbà kọjá, kùn ún yípo, kó gbẹ, kí a tó gbé síńkì lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pákó á máa mu omi díẹ̀díẹ̀, á sì wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Mi ò kùn ún. Sílíkóònù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo fi ìwọ̀nba tó kù fa etí síńkì lókè kó lè dára lójú, mo ní màá padà wá. Mi ò padà. Ìyá Ṣeun gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń ṣe àmín.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí káńtà náà fi wú, tí òkè rẹ̀ ń ṣí. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Dámilọ́lá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ṣeun ní, "Bùrọ̀dá Káfíńtà, ẹ wá wo nǹkan tójú mi rí. Ṣé iṣẹ́ yín ni problem, àbí omi ló ṣe é? Ẹ tell me the truth."

Mo ti mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ibi tó wú. Mo ní, "Omi ni, mà. Ó jọ pé wọ́n ń da omi sí i jù."

Ọmọ náà ní, "Mà, mo máa ń nù ún. I swear, every time."

"Ṣé ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀ lò ń pè ní òpùrọ́?" Ìyá Ṣeun ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀.

Kí oṣù yẹn tó parí, Dámilọ́lá ti kó jáde. Ó lọ ń há mọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta nínú yàrá kan lápá Abbey ní Barking. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ìyá Olómi. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Ọkùnrin kan ti wá fẹ́ fi í ṣaya báyìí, ọmọ dáadáa kan tó ń gbé ní Barking Riverside. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í fẹ́yàwó láìwádìí. Ìyá ọkùnrin náà lọ bá Ìyá Ṣeun. Ìyá Ṣeun ní ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò mọ ilé é tọ́jú, bí wọ́n bá sì mú un, á purọ́. Wọ́n ní tí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n bi Káfíńtà. Bí ìyá ọkùnrin náà ṣe pè mí nìyẹn, tó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Bí mo bá sọ òtítọ́, ta ló tún máa pè mí wá sílé ìdáná rẹ̀? Ojú wo ni màá fi wo Ìyá Ṣeun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò ní ẹ̀rí ọkàn, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti ń múra láti sọ pé mi ò rántí dáadáa mọ́.

Àfi lánàá tí Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ pè mí. Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi. Ó ní, "Sà, mo mọ̀ pé mo ba iṣẹ́ yín jẹ́ nígbà yẹn, mi ò dẹ̀ say sorry sí yín properly. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé I've changed. Mo máa ń fi táwẹ̀lì nu síńkì gbẹ báyìí, even níbi iṣẹ́."

Ọmọ tó búra lójú mi pé òun ń nù ún ti wá gbà pé òun kò nù ún. Mo ní kò burú. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi pa fóònù.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọjọ́ Àìkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣeun ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ ìyá ọkùnrin náà? Ti ọmọ náà ló sì le jù lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ti bẹ̀ ẹ́ ṣáájú?