Mo Bá Dókítà Nájà, Ó sì Gbà Fún Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Tẹ́nikẹ́ni bá ti ń hanrun nítòsí mi, mi ò lè jókòó, àfi kí n dìde kí n lọ jí i. Àwọn ará ilé mi rò pé orí mi ti ń dàrú. Wọn ò mọ̀ pé ìhanrun kan wà tí mo gbọ́ lọ́sàn-án gangan, tọ́dún ti gorí ọdún, tí kò tíì kúrò létí mi. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ọ̀rọ̀ náà tún wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Òwò ni mò ń ṣe. Pírámárì pàápàá mi ò kà á tán, ṣùgbọ́n tá a bá ń sọ̀rọ̀ ọjà níná ní Èjìgbò yìí, wọ́n mọ̀ mí. Etí ni mo fi ń ṣe é ju ẹnu lọ. Ẹni tó ń tajà lè máa búra pé òun ò gbà, ohùn rẹ̀ á ti sọ fún mi pé ó kù díẹ̀. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Rísì, la jọ máa ń kó gààrí àti ẹ̀gúsí lọ sí Àbíjàn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹrù wa ti wà lórí mọ́tò, ìdájí ọjọ́ kejì la máa gbéra. Ọkọ mi gun òkè mọ́tò láàárọ̀ pé kóun tún ẹrù dè, okùn já, ó sì forí sọlẹ̀. Ó dákú. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lajú, ó ti ń bú ẹni tó ta okùn fún un, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, ọmọdé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó tan iná sí ọkọ mi lójú, ó bi í lórúkọ, ó bi í níbi tó wà. Bàbá Rísì dáhùn gbogbo ẹ̀, ó tún fi sà fà tí wọ́n ń sọ ní Àbíjàn kún un, pé ara òun le. Dókítà ní ó gbọ́dọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú, káwọn máa jí i wò. Ó ní ẹni tó forí sọlẹ̀, tó dákú, tó wá jí, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí rẹ̀ níbi tó ti ń ṣàwàdà.

Mọ́tò ò sì ní dúró dè wá. Mo ní, "Dókítà mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ẹni tó fẹ́ kú nìyí?" Ó ní, "Mà, kò tíì ṣeé mọ̀." Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Àmọ́ mo gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ rọ̀ níparí. Mo bá kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè jẹ́ àǹtí rẹ̀ àgbà. Mo ní kó jẹ́ ká dúró di ìrun Àìlà péré, lọ́sàn-án. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní Àìlà. Ṣé ẹ rí i? A ò sọ̀rọ̀ bóyá ká lọ tàbí ká má lọ mọ́, àsìkò tá a máa lọ là ń ná. Mo mọ̀ pé mo ti rà á. Ó ń sọ fún mi pé tó bá bì, tàbí tí oorun rẹ̀ bá ti wúwo jù, ká sáré gbé e padà. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ti ń wọ bàtà fún ọkọ mi.

Nílé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ìhanrun tó rinlẹ̀, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú mi dùn! Mo ní ó ń sinmi de ìrìn àjò. Mo tiẹ̀ lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má bàa jí i. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alaasari, mo pè é, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbá a létí. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, dúdú ojú ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. A gbé e padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí dókítà lójú gbogbo èèyàn, ó ní obìnrin yìí ló lé ọmọ òun jáde. Dókítà wò mí. Mo wolẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, òun náà ò sì sọ pé èmi ni mo bẹ òun. Bí gbogbo ẹbí ṣe gbà á nìyẹn. Ohun tí Rísì ọmọ mi gbọ́ dàgbà nìyẹn, òun ló tiẹ̀ mú un lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé kò sẹ́ni tó máa lé bàbá ẹnikẹ́ni jáde lójú òun. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, dókítà yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ní jàǹbá, òun ló ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Mo rò pé ìjà ló bá wá, mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mà, mo mọ ohun tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹnu tí mo máa fi dúró lórí ẹ̀ ni mi ò ní." Ó ní àwọn tóun ń kọ́ náà mọ ìwé, ṣùgbọ́n tí ìyàwó aláìsàn bá ti kúnlẹ̀, wọ́n á gbà. Ó fẹ́ kí ẹnìkan dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, kí n wá bá wọn nájà bí mo ṣe bá òun ná an, kí wọ́n lè kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá fún àgbà láìrí i fín. Mo ní mi ò ní lè ṣe é. Mo tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ títí, kò rọ̀ níbì kankan. Èmi ni mo gbà fún un.

Ọsibítù tí Rísì ti ń kọ́ṣẹ́ ni dókítà yìí ti ń kọ́ wọn, ọmọ mi ò sì mọ̀ pé òun ló tọ́jú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àná, ó ń lọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Màmi, ìyá kan ń bọ̀ wá kọ́ wa bá a ṣe máa dá ẹbí aláìsàn lóhùn. Ká ní wọ́n ti kọ́ dókítà bàbá mi bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní kó rọra, kó má jó aṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró ní ọsibítù, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n tèmi ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi nílé, lójúkojú, àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀? Tí mo bá dákẹ́, á máa kórìíra obìnrin tó gba ìyà mi jẹ. Tí mo bá sọ ọ́, èmi nìkan lòbí tó kù fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíá. Rísì ní iwájú pátápátá lòun máa jókòó, kóun lè gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá náà bá sọ.