Igi Máńgòrò Tó Gbẹ Ní Ìdúró

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti agbẹ́gìtá yìí, ẹni tó ń fi igi ṣe gìtá, kò tiẹ̀ sá lọ síbì kankan. Orí ìṣó ló so ó kọ́ sí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní okùn mẹ́fà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti pọ́n tán, jíjábọ́ ló kù fún un, ọ̀rọ̀ yìí sì ti pọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, oòrùn ń gba ara kọ́tìnnì wọlé jẹ́jẹ́, eruku wẹ́wẹ́ ń fò nínú rẹ̀. Dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé bí wọ́n bá tètè ṣe é, màmá yóò ṣì jó níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ń rò: igi ọsàn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ti ń gbẹ.

"Àbí o ti gbàgbé ni?" ó bi àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń lálàá. "Nígbà tí máńgòrò iwájú ilé wa gbẹ, ṣé Màámi pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Láti ọ̀run ni Bàámi ti fi igi yẹn pè wọ́n. Èmi náà, wọ́n ti ń pè mí. Kí dókítà má wulẹ̀ gé mi lára lásán."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára, bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló kù fún agbẹ́gìtá láyé. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n lè kọ̀ ọ́ títí ayé. Bí ó bá dákẹ́, ikú ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, Bàámi ò pe ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo pa igi yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ tó máa ń sunkún tí wọ́n bá fẹ́ pa adìyẹ?"

"Èmi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ̀rù tó tún bà mí. Ẹ rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gìtá. Gbogbo àgbà iṣẹ́ ló ń sọ fún mi pé àfi igi òkè òkun, pé igi ilé wa ò lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo wá fi ìka lu ẹ̀ka máńgòrò wa kan tó ti gbẹ, ó dún gbọ̀ọ̀n, ìró rẹ̀ pẹ́ kó tó parẹ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti dijú, inú igi yẹn ni mo ti ń rí gìtá, ó jókòó síbẹ̀ bí kóró ṣe ń jókòó sínú máńgòrò. Mo bẹ Màámi kí wọ́n jẹ́ kí n gé e. Wọ́n ní, 'Bàbá yín ló gbìn ín nígbà tí a kó wọ ilé yìí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti fún ìwọ lọ́mú. Tí mo bá ti kú, kí o gé e.' Ẹ wo ọmọ burúkú: n ò lè dúró! Agégi kan ti sọ fún mi rí pé tí èèyàn bá bó èèpo igi yíká ìdí, bí ìgbà tí wọ́n de ìgbànú fún un, igi náà á gbẹ ní ìdúró, pákó rẹ̀ ò sì ní lọ́. Màámi ń sùn lórí àga lábẹ́ rẹ̀ gan-an nígbà tí mo bó o. Wọ́n ń hanrun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òórùn èèpo tútù gba gbogbo ibẹ̀. Mo fi àkísà wé ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní èèrà ni mò ń lé. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ìwọ náà á rí ẹni tọ́jú rẹ.' Mo sì ṣe àmín. Àmín o!"

Abẹ̀bẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò wo fèrèsé mọ́.

"Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́ sí Màámi lórí, sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn kì í gbọ̀n ọ́n nù. Wọ́n á bomi sí ìdí rẹ̀, wọ́n á máa bi í pé, 'Ọkọ mi, kí ló ń dùn ọ́?' Èmi ni mò ń bá wọn pọn omi náà, mo sì mọ̀ pé òfò ni. Ó wá di ọjọ́ kan, oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní Bàámi ti ń dúró de àwọn, pé igi náà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n wò mí lójú. 'Àbí ìwọ rò pé nǹkan mìíràn ló ṣe é?' Àǹtí mi, ibẹ̀ ni mo ti pa Màámi. Gbólóhùn kan péré ì bá dá wọn padà sídìí oúnjẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, igi náà sì ti kù díẹ̀ kó gbẹ tán. Mo ní, 'Bóyá Bàámi ni lóòótọ́.' Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò jẹun gidi mọ́ títí wọ́n fi lọ. Mo fi máńgòrò náà ṣe ẹ̀yìn gìtá àti ìhà rẹ̀. Mo fi òpó bẹ́ẹ̀dì Bàámi ṣe ọrùn, mo fi pákó kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣe ojú. Nígbà tí mo fi páìpù gbígbóná tẹ ìhà rẹ̀, ó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé kò bínú sí mi. Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ sunkún, ẹ ní Màámi ló ń sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Mo wo ìdí ọsàn yín nígbà tí mò ń wọlé bọ̀. Ikán ló wà níbẹ̀, ikán lásán. Ẹ dárí jì mí, ẹ má tìtorí irọ́ tèmi kú."

Oòrùn ti kúrò lára kọ́tìnnì.

"Mo gbé gìtá yẹn mọ́ àyà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo fi ẹnu kò ó lẹ́nu."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi."

"N ò dárí jì ọ́." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó ń mí gúlegúle, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, pe dókítà yẹn. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"Mọ́mì?"

"Ṣé kí n kú, kí ẹni yìí rí ọ̀nà àbáyọ? Ìjà tí mo fẹ́ bá a jà ò kéré. Ó máa gba ọdún."

Agbẹ́gìtá na ọwọ́ kó lè gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n gbá ọwọ́ náà dànù. Ó gbìyànjú kó fúnra rẹ̀ dìde, kò lè ṣe é. Ọmọ rẹ̀ kò sì lágbára tó lè gbé e. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àbúrò rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ó na apá méjèèjì sí i.

"Gbé mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n má bá mi sọ̀rọ̀."