Igbó Ẹ̀gbà Tí Mo Gé Láti Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí, ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Títí ìyàwó mi fi kú, n kò sọ fún un. Lẹ́tà kan tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Ìlá ni mí. Ẹmu ni mò ń dá. Bí àwọn ará wa ti máa ń ṣe, mo kó lọ sí ìlú òkèèrè, sí abúlé àwọn apẹja kan létí ọ̀sà. Mo ń dá ògùrọ̀ nínú àbàtà ẹ̀yìn abúlé, ìyàwó mi ń yan ẹja.

Láàárín àbàtà náà àti ọ̀sà ni igbó ẹ̀gbà wà. Inú omi iyọ̀ ni igi yìí ń hù, gbòǹgbò rẹ̀ a yọ sókè bí ẹsẹ̀ alákàn. Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja ń gbé dàgbà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e. Bàbá Ọmọyẹlé, onílé wa, ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Láràárọ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Iná ẹ̀gbà kì í tètè kú, ẹja tí a bá fi í yan a sì pọ́n dáadáa. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, mo gé díẹ̀. Ní Ìlá, bí o bá gé igi tí o fi kùkùté sílẹ̀, òjò méjì, ó ti rúwé. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tọ̀hún. Mo tún gé sí i.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Wúràọlá, níbo lẹ ti ń rí igi tó dára báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn."

Kùkùté ẹ̀gbà kì í rúwé. Gbogbo wọn jẹrà. Ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò dì mú ṣàn lọ, alákàn kó lọ, àwọ̀n àwọn apẹja ń gòkè lófìfo. Omi iyọ̀ wọ àbàtà, ó pa igi ògùrọ̀ mi pàápàá. Nígbà tí ìjì wó ìlà igi tó kù níwájú, gbogbo abúlé rí i pé inú igbó ti ṣófo.

Wọ́n ní Bàbá Ọmọyẹlé ló tà á. Wọ́n pe èmi náà síwájú àwọn àgbà. Apẹja kan tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní, "Ará òkè, ṣé ìwọ kọ́ lo gé e? Àbí o rò pé ọ̀pẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, èmi tí ẹrẹ̀ máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, kí ni mo mọ̀ nípa ẹ̀gbà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọmọyẹlé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n lé e kúrò ní abúlé tí wọ́n bí i sí. Kò pẹ́ tí èmi náà fi kó wá sílé.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo lọ kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà Bàbá Ọmọyẹlé tó dé yìí ni àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà. Ara rẹ̀ kò yá. Ó fẹ́ kú sí abúlé rẹ̀, àwọn àgbà sì ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ pé: "Ìwọ lo ń wọ àbàtà lójoojúmọ́. Wá bá mi sọ fún wọn pé n kò ta igi kankan."

Ẹ jọ̀ọ́, mo lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Kò sí ẹni tó lè jẹ́ ẹ jù mí lọ.

N óò lọ kí oṣù yìí tó parí. Mo ti di aṣọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó: bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ pé mo wá, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?