Láptọ́ọ̀pù Sọlá Tí Mo Gbà Láìkọ Ìwé

Kí wọ́n tó pè mí síta wá jẹ́rìí báyìí, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, mò ń tú gèlè mi, mo sì tún ń wé e. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ níwájú èrò. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó gbé mi dìde tó ọpẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mò ń tẹ̀wé, mò ń ṣe fọ́tòkópì, mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ìkòtún ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí mo ti bímọ mẹ́ta. Bí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà wá, ìwé kan wà tí mo máa ń kọ. Màá bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù, màá kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà á buwọ́ lù ú. Mi ò kì í fo ìyẹn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ẹni tí a jọ mọra, mi ò kì í kọ ìwé kankan. Báwo ni mo ṣe máa ní kí Díkínì wá buwọ́ lùwé? Ẹ ó rí mi lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó ní, "Sístà Fúnmi, ẹ kàn bá mi wò ó jàre, kò lè gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún." Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ẹ ò fowó rà á." Màá rẹ́rìn-ín, màá gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, mẹ́fà ló wà nílẹ̀ ní pálọ̀ mi, kò sí ti oníbàárà kan nínú ẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ṣé o ò lẹ́nu ni?" Mo ní ará ni wọ́n. Ó ní, "Ará kọ́ lèmi, àbí?"

Màmá Sọlá ló gbé ìkeje wá. Wọ́n ti gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Sọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, Màmá Sọlá la ṣì ń pè wọ́n. Láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn ni. Wọ́n ní ó ti ń lọ́ra jù, kí n bá wọn ṣe é kó máa tètè ṣí. Fáìrọ́ọ̀sì ló kún inú ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò béèrè nǹkan kan. Mo nu gbogbo inú ẹ̀ nù, mo fi Windows tuntun sí i. Mo gbé e lọ fún wọn nílé wọn ní Barúwà, inú mi ń dùn.

Wọ́n tàn án. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Fúnmi, Sọlá dà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo fọ́tò ọmọ yẹn, inú ẹ̀ ló wà. Wọn ò tẹ ẹyọ kan jáde rí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i wò ó, ìdí tí wọ́n ṣe fẹ́ kó máa yá nìyẹn. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà dání, mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan ní Ìkẹjà tó mọṣẹ́ jù mí lọ. Ó ní ohun tí mo ti nu nù ti lọ, kí n lọ bẹ ìyá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mi ò wá síbí fún Sọ́ńdè mẹ́rin. Àwọn kan ránṣẹ́ pé kí ló ṣe mí, àwọn kan ránṣẹ́ pé kọ̀ǹpútà àwọn ńkọ́. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ máa mọ́ bá mi mọ́. Mò ń sọ fún ara mi pé mo ti pa obìnrin yìí lọ́mọ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ àdúrà tí mo máa gbà, mo kàn ń pe orúkọ Sọlá níwájú Ọlọ́run ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n yọ háàdì dísìkì yẹn, kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, kí n wá inú ẹ̀ fúnra mi. Mo ní sọ́fítíwià kan tó ń wá ohun tó ti parẹ́, mi ò lò ó rí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn tì í títí ó fi parí. Fọ́tò inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Mọ́kànlá ló padà, méjì nínú ẹ̀ kò ju ìdajì ojú lọ.

Mo mọ̀ pé mọ́kànlá kéré. Èyí tó kù kò ní padà mọ́, mi ò sì lè parọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run. Síbẹ̀ mo fi ògo fún un lórí mọ́kànlá, ẹ bá mi yọ̀ bí ẹ bá lè yọ̀. Láti òní lọ, ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi á buwọ́ lùwé, títí kan Díkínì.

Mo tẹ fọ́tò náà jáde, mo kó o lọ sí Barúwà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní kí n jókòó. Wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹsàn-án, wọ́n dúró. Sọlá ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ọṣẹ kún orí ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ti pa á rẹ́ nígbà ayé ẹ̀, torí sọ́fítíwià yẹn máa ń hú èyí tó ti pẹ́ jáde náà. Màmá gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ní, "Fúnmi, mi ò rí èyí rí. Jókòó."